Ẹ Bi Wá Léèrè: Kíka Èdè àti Lítíréṣọ̀ Àgbáyé ní Yunifásítì

Bí àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè lórí kíka èdè ní yunifásítì máa ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀. A ṣa mẹ́fà nínú wọn dáhùn lóṣù yìí. Faransé ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ka Jámánì, Potogí tàbí Yorùbá fúnra rẹ̀ yóò rí tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS3 ní Faransé lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kò sí iṣẹ́ níbẹ̀, pé kó lọ ka ìmọ̀ òfin. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni tó ka èdè ń fi ṣe? — Ìyá Bísí, Òke-Ìlẹ̀wó

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Bísí. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lo Faransé ló yí Nàìjíríà ká: Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí gan-an, ẹni tó bá ti sọdá bodè Ìdìrókò, Faransé ló máa bá lára pátákó. Èdè mẹ́ta ni ECOWAS fi ń ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lo mẹ́fà: Lárúbáwá, èdè Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, èdè Rọ́ṣíà àti ti Sípéènì. Níbi ìpàdé irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀, ògbufọ̀ méjì ló sábà máa ń wà nínú yàrá kékeré kan, tí wọ́n á máa gbà fún ara wọn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, torí pé ẹni tó ń gbọ́ èdè kan tó tún ń sọ òmíràn lẹ́sẹ̀ kan náà kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́, àṣìṣe á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ní tirẹ̀ máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ 2,000 sí 2,500 lójúmọ́. Àwọn báǹkì tó ní ẹ̀ka káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ́bodè, ilé ìwé aládàáni, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé oyè nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ló gba oyè Faransé tí kò lè fi Faransé ṣe ìpàdé wákàtí kan. Ohun méjì ni kí Bísí ní lọ́kàn láti ọdún kìíní. Àkọ́kọ́, kó ṣe DELF, ìdánwò àgbáyé tó ń fi ipele ìmọ̀ Faransé hàn, títí dé ipele B2 kó tó jáde. Apá mẹ́rin ni ìdánwò náà ní: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, máàkì 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní 50 nínú 100 ló yege, ṣùgbọ́n bí apá kan ṣoṣo bá ti wálẹ̀ ju 5 lọ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, bí ìyókù tiẹ̀ dára. Ìwé-ẹ̀rí náà kì í kú. Ó lè ṣe é ní Alliance Française, ilé ẹ̀kọ́ èdè Faransé, tó wà ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Láàdẹ́rín lè gbé e lọ gbé e bọ̀. Èkejì, kó mú ìmọ̀ mìíràn tì í: ìṣirò owó, ìlera tàbí òfin fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ Faransé tó tún mọ bí ìwé àdéhùn okòwò ṣe ń rí kò ní ṣàìríṣẹ́. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé òfin àti Faransé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Kò sí olùkọ́ Faransé ní ilé ìwé wa láti JSS1. Ṣé mo ṣì lè ka èdè òkèèrè ní yunifásítì? Kí ni kí n yàn nínú JAMB? — Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìbarà

O lè kà á, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ Faransé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ka Faransé ti ní i nínú WAEC tàbí NECO, kó sì tún yàn án nínú UTME. Ti àwọn èdè mìíràn yàtọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí sẹ́kọ́ńdírì tó ń kọ́ Jámánì, èdè Rọ́ṣíà tàbí Potogí nílẹ̀ yìí, nítorí náà àwọn yunifásítì tó ní in mọ̀ pé láti orí A, B, D làwọn máa bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní Jámánì àti èdè Rọ́ṣíà. Ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní Jámánì àti Potogí. Ti Èkó ní èdè Rọ́ṣíà, wọ́n sì ń kọ́ èdè Ṣáínà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, èyí tí kò béèrè èdè òkèèrè kankan lọ́wọ́ rẹ kí o tó wọlé.

Bí o ṣe máa ṣe é nìyí. Kí o tó ra fọ́ọ̀mù, ṣí ìkànnì IBASS tí JAMB ṣe, tẹ orúkọ yunifásítì àti ẹ̀kọ́ tí o fẹ́, kí o ka àwọn iṣẹ́ tí wọ́n béèrè fún UTME àti fún WAEC ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí wọn kì í sábà dọ́gba. Lo èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, kí o fi iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn kún un. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá sábà máa ń bá ẹ̀kọ́ èdè mu. Ìbéèrè 180 ni wàá dáhùn láàárín wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Bí èsì WAEC bá jáde lẹ́yìn ìgbà tí o ti forúkọ sílẹ̀, padà lọ gbé e sórí ìkànnì JAMB. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ nìyẹn: máàkì wọn pé, ṣùgbọ́n yunifásítì kò rí èsì kankan lórúkọ wọn, wọ́n sì fò wọ́n.

Bí o bá rí i pé Faransé gan-an lọkàn rẹ fẹ́, gba ọdún kan sí i, kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́ aládàáni, kí o ṣe é nínú NECO. Má ṣe rò pé o lè rọ́ ọ mọ́lẹ̀ ní oṣù méjì. Ìdánwò náà ní àfẹnusọ.

Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, Faransé ni mò ń kà. B ni mo ní nínú gírámà, ṣùgbọ́n mo fìdí rẹmi nínú àpèkọ àti àfẹnusọ. Mo ń kàwé gidi. Kí ló ń ṣe mí? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àdàtán

Kò sóhun tó ń ṣe ọ́ tí kì í ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá. Etí rẹ ṣì ń fi ìró Yorùbá gbọ́ Faransé, ohun tí etí sì gbọ́ ni ẹnu ń sọ, òun náà ni ọwọ́ ń kọ. Ìwé kíkà kò lè wo èyí sàn. A ó ya ibi tó ti ń bàjẹ́ sọ́tọ̀ fún ọ.

Mú fáwẹ̀lì aránmúpè *an* àti *on*. A máa ń kọ *ìbọn*, a sì máa ń kọ *ìtàn*, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ìró kan náà ló gbẹ̀yìn méjèèjì. Faransé yà wọ́n: *banc* ni bẹ́ńṣì, *bon* ni ohun tó dára. Fún *an*, la ẹnu bí ẹni fẹ́ pe *a*, má ká ètè. Fún *on*, ká ètè bí ẹni fẹ́ pe *o* inú *owó*, kí o jẹ́ kí èémí gba imú jáde. Dúró síwájú dígí, pe ọ̀kan, pe èkejì. Bí ètè rẹ kò bá yí padà, ìró kan náà lo ṣì ń pè.

Lẹ́yìn náà ni *z* àti *v*, tí Yorùbá kò ní. Wo *ils ont*, wọ́n ní, àti *ils sont*, wọ́n jẹ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú pípè wọn ni pé *z* ló wà láàárín ti àkọ́kọ́, *s* ló wà láàárín ti ìkejì. Ẹni tó bá fi *s* pe méjèèjì, tó fẹ́ sọ pé wọ́n ní ọmọ mẹ́ta, ohun tí Faransé máa gbọ́ ni pé wọ́n jẹ́ ọmọ mẹ́ta. Fi ìka méjì kan ọ̀fun rẹ: *z* máa ń gbọ̀n lábẹ́ ìka, *s* kì í gbọ̀n. Bákan náà ni *v* àti *f*.

*U* Faransé náà máa ń da etí láàmú. *Rue* ni òpópónà, *roue* ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Pe *i* inú *ilé*, di ahọ́n mú síbi tó wà, kí o wá ká ètè nìkan bí ẹni fẹ́ súfèé. Ìró tó jáde ni ti *rue*. Bí ahọ́n bá sún sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, *roue* ti dé nìyẹn. Ìyókù, bíi kí a máa ti fáwẹ̀lì bọ àárín *tr* inú *trois* tàbí *pr* inú *prendre*, rọrùn láti tún ṣe bí àwọn tí a kà yìí bá ti dáa.

Ọ̀nà tí a mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gba ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́, kò gba owó ju dátà lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò RFI ní ìròyìn oníṣẹ́jú mẹ́wàá kan, Journal en français facile, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè, tí wọ́n sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí ìkànnì wọn. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìwo ìwé. Mú ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀, kọ gbogbo ohun tí o gbọ́ sílẹ̀. Dá a dúró, dá a padà, bó o ṣe fẹ́. Ìgbà yẹn ni kí o tó ṣí ojú ìwé tiwọn, kí o fi bíírò pupa fa ilà sí gbogbo ibi tí tìrẹ ti yàtọ̀. Pín àwọn àṣìṣe náà: èwo ni ti *an* àti *on*, èwo ni ti *z*, èwo ni ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀ rí? Lẹ́yìn náà, kà á tẹ̀lé olùkàròyìn láì dúró, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù, kí o gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ máa ń fo ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn yìí torí pé ojú ń tì wọ́n láti gbọ́ ohùn ara wọn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń tún ẹnu ṣe. Ẹni tó ń ka Jámánì lè lo ìròyìn tí Deutsche Welle máa ń kà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lórí ìkànnì bákan náà.

Ohun kan tún kù, tó máa ń já máàkì nínú àpèkọ. Yorùbá kì í ya ọ̀rọ̀ orúkọ sí akọ àti abo, nítorí náà a máa ń há ọ̀rọ̀ sórí láìsí *le* tàbí *la* rẹ̀, a ó wá máa méfò lọ́jọ́ ìdánwò. Kọ ọ̀rọ̀ àti atọ́ka rẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá fi *-tion*, *-té* tàbí *-ance* parí sábà máa ń jẹ́ abo. *-Ment* àti *-age* sábà máa ń jẹ́ akọ, ṣùgbọ́n *page*, *plage*, *image* àti *cage* yọ ara wọn kúrò. Ti Jámánì tún le, mẹ́ta ni tiwọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá gbẹ̀yìn pẹ̀lú *-ung*, *-heit* tàbí *-keit* sábà máa ń jẹ́ abo, èyí tó bá gbẹ̀yìn pẹ̀lú *-chen* kì í sábà jẹ́ akọ tàbí abo.

Wọ́n ní ọmọ mi gbọ́dọ̀ lọ sí Badagry fún gbogbo ọdún kẹta rẹ̀. Ṣé dandan ni, àbí kí n kúkú rán an lọ sí Kùtọ́nu? — Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Láfẹ́ńwá

Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó fi máa gba oyè, dandan ni, bàbá. Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àjárá, Badagry, ni ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991 fún gbogbo yunifásítì láti máa lò, torí pé owó àtirán àwọn ọmọ lọ sí ilẹ̀ Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún kan ti ń le jù. Máàkì tó bá gbà níbẹ̀ yóò padà sínú èsì rẹ̀. Ẹ béèrè iye owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà nígbà tó bá ṣì wà ní ọdún kejì, kó má baà jẹ́ òjijì.

Kùtọ́nu dára fún ìsinmi oṣù méjì lẹ́yìn Badagry. Ẹ ṣọ́ra fún Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin o. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ló kún ibẹ̀, inú wọn á dùn láti bá ọmọ Ẹ̀gbá sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ yín á sì padà wálé láìsọ gbólóhùn Faransé mẹ́wàá. Ilé tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá ni kó gbé.

Mo ń parí NCE lọ nínú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ṣé mo gbọ́dọ̀ tún UTME ṣe? Àti pé, ṣé ẹnikẹ́ni ń fi Yorùbá jẹun ní òkè òkun? — Olùkọ́ Lọ́la

Rárá, ẹ kò nílò UTME. Fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB ni kí ẹ gbà, ẹ ó sì wọ ọdún kejì tààrà. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní krédítì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo iye krédítì tàbí mẹ́rìítì tí yunifásítì tí ẹ yàn fẹ́ nínú NCE, kí ẹ sì tètè rọ ilé ẹ̀kọ́ yín láti fi èsì ránṣẹ́. Èsì tó pẹ́ dé ti da ìwọlé ọ̀pọ̀ ènìyàn rú.

Ti ìbéèrè kejì yín, ó ń dùn wá pé àwọn ọmọ wa ṣì ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì Wisconsin ní Madison, ní Georgia àti ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Ètò Fulbright FLTA máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní Yorùbá fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà ni 21 sí 29, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti gba oyè yunifásítì, ó sì gbọ́dọ̀ padà wálé. Nítorí náà, ẹ gba oyè náà kí ọjọ́ orí tó kọjá. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ẹni tó lè kọ́ àjèjì ní èdè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó lè ṣàlàyé ìdí tí a fi ń sọ *mo ti jẹun* tí a kì í sì í sọ *mo jẹun ti*. Ẹ máa fi ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ láti ìsinsìnyí lọ. Olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ àmì ohùn yóò tẹ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ọ nínú ìwé.

Ọdún àṣekágbá ni mo wà. Mo fẹ́ túmọ̀ ìwé Yorùbá sí Faransé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Alábòójútó mi ní kí n lọ ronú dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n rò? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Ìtòkú

Iṣẹ́ tó dára lo yàn, ìlú rẹ náà sì ti wà nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Amos Tutuọlá ní 1920. Ìwé rẹ̀, *The Palm-Wine Drinkard*, nípa ọ̀mu tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1952, ó sì di 1953 kí Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó gbé e jáde ní Faransé. Bí o bá wá ẹ̀dà méjèèjì, tí o sì wo bí Queneau ṣe ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ní egungun Yorùbá yẹn, wàá ti rí orí kìíní iṣẹ́ rẹ kọ. Ti *Aké* tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní Gẹ̀ẹ́sì náà wà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ di Yorùbá. Ó dára láti fi kọ́ bí ọ̀gá ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan bọ́ sí òmíràn.

Má mú odindi ìwé. Ọ̀rọ̀ 5,000 tó, pẹ̀lú àlàyé rẹ lórí ìpinnu tí o ṣe, torí àlàyé yẹn ni wọ́n ń fún ní máàkì jù. Ká ní àlọ́ Ìjàpá lo mú. Ìṣòro máa pàdé rẹ ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Nínú Faransé, *tortue* jẹ́ abo, gírámà á sì fẹ́ kí o máa pè é ní *elle*. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni Ìjàpá tiwa, Yánníbo sì ni ìyàwó rẹ̀. Bí o bá tẹ̀lé gírámà, obìnrin méjì ni yóò jẹ́ tọkọtaya nínú ìtàn náà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí o fi Ìjàpá sílẹ̀ bí orúkọ ènìyàn, kí o lo *il* fún un, kí o sì sọ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ irú ẹran tó jẹ́. Ìdàkejì rẹ̀ tún wà: *ó* Yorùbá lè fi ẹnì kan pamọ́ fún ojú ìwé mẹ́ta, kí òǹkàwé má mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. *Il* àti *elle* á tú àṣírí náà. Níbẹ̀, lo *quelqu'un* tàbí *la personne* títí àkókò á fi tó.

Wo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó inú ìtàn ń pe ọkọ rẹ̀ ní *ẹ*, ọkọ ń dá a lóhùn pẹ̀lú *o*. Bí o bá fi *vous* àti *tu* rọ́pò wọn tààrà, òǹkàwé Faransé lè rò pé ìfẹ́ àárín wọn ti tutù. Yan ọ̀kan, kọ ìdí rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, má sì yí i padà lójú ọ̀nà. Ìṣe Yorùbá tí kò ní *ń*, bíi *ó wọlé, ó jókòó*, sábà máa ń bọ́ sí *passé simple*, ti ìṣe àtijọ́ tó ti parí. Èyí tó ní *ń* ń bọ́ sí *imparfait*, ti ìṣe àtijọ́ tó ń lọ lọ́wọ́, àmọ́ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Orúkọ oúnjẹ, fi í sílẹ̀. Kọ ọ́ kí gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé nǹkan òkèlè ni ẹ̀bà, dípò kí o pè é ní *couscous*.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì á dán ọ wò. Bí o bá kó Yorùbá tí kò lámì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà fún un, kò lè mọ̀ bóyá *owo* tí o kọ jẹ́ owó, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀, á kàn mú ọ̀kan ni. Lò ó fún yíyẹ ọ̀rọ̀ wò lẹ́yìn tí o bá ti ṣe tìrẹ tán. Ṣe ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní: ọ̀rọ̀ Yorùbá, èyí tí o fi rọ́pò rẹ̀, ojú ìwé tó ti wáyé. Láìsí i, ọ̀rọ̀ *babaláwo* á jẹ́ *devin* ní ojú ìwé 4, á di *féticheur* ní ojú ìwé 19, olùdánwò á sì béèrè bóyá ènìyàn méjì ni. Báyìí náà, kíbọọ̀dù Yorùbá kan ṣoṣo ni kí o fi tẹ gbogbo iṣẹ́ náà, torí bí àmì bá wá láti oríṣi kíbọọ̀dù méjì, kọ̀ǹpútà kò ní rí ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tí o bá ń wá a.

Ti àṣẹ ńkọ́? Fún yunifásítì nìkan, alábòójútó rẹ á tọ́ ọ sọ́nà. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn náà, òfin ẹ̀tọ́ oníǹkan ní Nàìjíríà fi ìtumọ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé, ẹ̀tọ́ náà sì máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà ní báyìí, kí o sọ iye ojú ìwé tí o fẹ́ túmọ̀ àti èdè tí o fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí. Ìdáhùn máa ń pẹ́. Bí àlọ́ tí o fẹ́ bá jẹ́ èyí tí o gbọ́ lẹ́nu àgbà kan ní àdúgbò, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti tọrọ àyè, kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó pa á sínú iṣẹ́ náà bó bá fara mọ́ ọn, kí o sì mú ẹ̀dà kan lọ fún un nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ tán.